Ọwọ́ Màmá nínú kòtò òkúta

Sátidé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ tán, ẹsẹ̀ ṣì ń ro mí, àmọ́ mo fẹ́ kọ èyí kí n tó sùn torí tó bá dọ̀la ó ti máa pòórá lọ́kàn mi.

Kùtùkùtù la gun orí òkè, èmi, àbúrò mi tó gbé omi, àti Màmá ẹ̀gbẹ́ ilé wa. Mi ò fẹ́ kí Màmá wá o, orúnkún ń dùn wọ́n, àmọ́ bí wọ́n ṣe gbọ́ pé mò ń lọ ya fótò àwọn òkúta ìlọ̀, ìyẹn àpáta táwọn obìnrin ń lọ ọkà lórí ẹ̀ láyé àtijọ́ títí tó fi di kòtò, wọ́n ní, "Okun o, ọmọ mi, ta ló máa wá fi hàn ọ́ níbẹ̀?" Wọ́n mú ọ̀pá, ọ̀rọ̀ tán. (Mi ò ní dárúkọ òkè náà, mi ò sì ní gbé ibi tó wà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àwọn tó ń wá òkúta fọ́ tà náà máa ń ka nǹkan.)

Gbogbo wa tá a dàgbà ní Ìjùmú, ní ìpínlẹ̀ Kogi, la gbọ́ pé orí òkè làwọn baba wa sá sí nígbà ogun Tápà, nígbà tí wọ́n ń ti Bídà wá kó èèyàn lẹ́rú, ìyẹn láàárín 1800 sí 1900. Òkúta tiwa le, kò ṣeé gbẹ́ di ilé bíi ti Lalibela ní Etiópíà, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì 11 látinú àpáta. Tiwa, ọwọ́ obìnrin ló gbẹ́ ẹ, ọmọ ọlọ tí wọ́n ń tì síwájú tí wọ́n ń fà sẹ́yìn lórí òkúta yẹn lójoojúmọ́ ló jẹ ẹ́ títí tó fi di kòtò.

A ka 14 lórí pẹpẹ òkúta kan ṣoṣo. Mo fi rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo wọ̀n ọ́n, mo ya á nígbà tí oòrùn ṣì ń ti ẹ̀gbẹ́ wá torí òjìji ló ń jẹ́ kí kòtò hàn, tó bá ti dọ̀sán gbangba gbogbo ẹ̀ á kàn dà bí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Fótò máa ń gun orí ara wọn, èyí tó kàn gbọ́dọ̀ ní lára ti tẹ́lẹ̀, kí kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n pọ̀ di àwòrán téèyàn lè yí kiri. Mi ò fi ṣọ́ọ̀kì kan òkúta kankan. Lọ́dún tó kọjá mo fi ṣọ́ọ̀kì yí etí kòtò kan ká kó lè hàn dáadáa, mo rí i lónìí, funfun ẹ̀ ò tíì tán nínú àwọn ihò wínníwínní yẹn, inú mi bà jẹ́.

Mẹ́ta ti là. Iná ni. Wọ́n ń sun igbó ní ọ̀gbẹlẹ̀, òkúta á gbóná, ojú ẹ̀ á bó bí èèpo.

Ibi tí mo ti dúró sí nìyẹn nígbà tí Màmá rọra jókòó. Kòtò kan gùn tó apá mi láti ìgúnpá dé ìka, inú ẹ̀ ń dán bí àwo tánganran. Wọ́n ki ọwọ́ méjèèjì bọ̀ ọ́, mi ò mọ̀gbà tí ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú, lọ sẹ́yìn, wọ́n ní "ọkà bàbà nìyí, wo bó ṣe gùn." Wọ́n nawọ́ sí èyí tó rí roboto: "Ìyẹn, wọn ò lọ nǹkan níbẹ̀, èkùrọ́ ni wọ́n ń pa." Mo ti kọ nọ́ńbà 6 àti 7 sínú ìwé mi, gígùn, fífẹ̀, jíjìn, ó pé. Mi ò kọ ọkà. Mi ò kọ èkùrọ́.

Philip Oyelaran, onímọ̀ tó ń walẹ̀ wá ìtàn, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti walẹ̀ ní ihò àpáta Itaakpa lẹ́bàá Iffe-Ìjùmú láàárín 1980 sí 1990, Kwara là ń jẹ́ nígbà yẹn, 1991 ni wọ́n dá Kogi sílẹ̀. Wọ́n bá irinṣẹ́ òkúta, àpáàdì, àti egungun èèyàn tó ti lé ní 2,000 ọdún. Níbẹ̀ kò sẹ́ni téèyàn máa bi, ilẹ̀ nìkan ló lè sọ̀rọ̀. Ní òkè tiwa yìí ẹnì kan ṣì wà tí ọwọ́ ẹ̀ rántí, èmi wá ń wọn kòtò kiri!

Ní Lalibela àwọn àlùfáà ṣì ń gbàdúrà nínú òkúta yẹn títí dòní. Mo ń jowú wọn.

Mo gbé rúlà sílẹ̀, mo tan fídíò. Kí a tó sọ̀ kalẹ̀ Màmá gba ike omi lọ́wọ́ àbúrò mi, wọ́n da díẹ̀ sínú nọ́ńbà 6, wọ́n fọwọ́ kó ewé gbígbẹ inú ẹ̀ jáde, wọ́n nù ún bí ẹni tó fẹ́ lò ó. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ wọn kan ní òdìkejì ìlú mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ibẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni mo máa gbé wọn lọ́kadà lọ bá a.