Ọdún tí mo jókòó ti àwọn ìyàwó ilé wa

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún. Nínú gbogbo ohun tí mo dáwọ́ lé láti oṣù Kìn-ín-ní, ọ̀kan ló ń mú kí orí mi wú: ìtàn ìdílé bàbá mi, tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń ṣà jọ nílùú Òṣogbo. Ẹgbẹ́ wa kò tóbi. Àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ló pọ̀ jù níbẹ̀. Pálọ̀ ọ̀kan nínú wọn ní Òkè-Fìà la ti ń pàdé, kálukú á gbé ohun tó rí kalẹ̀, àwọn yòókù á sì bá a tú u wò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ gbọ́ rèé: ẹ má kọ́kọ́ tọ olórí ẹbí lọ. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyàwó ilé ni kí ẹ lọ. Ẹjọ́ ilẹ̀ àti ọ̀rọ̀ oyè ti kọ́ àwọn ọkùnrin ní ibi tó yẹ kí ìtàn ti bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó kò ní ilẹ̀ tí yóò jogún nínú ẹbí ọkọ. Látọjọ́ tó ti wọlé ló ti ń kọ́ oríkì ilé náà, tó ń fi kí wọn láàárọ̀, níbi òkú, níbi ìkómọ.

Ohun tí wọ́n sọ fún wa láti kékeré ni pé Òṣogbo níbí la ti ṣẹ̀. Lọ́jọ́ kan, mo gbé àmàlà lọ fún ìyàwó kékeré bàbá bàbá mi, òun nìkan ló kù nínú wọn. Mo tan fóònù kó lè gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó pè mí ní Àkànní, ó sì bọ́ sí i: “Ọmọ Oníkòyí, ẹ̀ṣọ́ tí kì í gbọfà lẹ́yìn.” Ìkòyí, ìlú kan lábẹ́ Ọ̀yọ́ Ilé! Nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé àti àwọn ìlú abẹ́ rẹ̀ tú, ogunlọ́gọ̀ èèyàn ló ya wọ Òṣogbo. Nígbà tí àwọn Ìbàdàn sì ṣẹ́gun Ìlọrin níbí ní nǹkan bí 1840, ẹni tó sá wá rí àyè fọkàn balẹ̀ kọ́lé. Kò sóhun tó bù wá kù níbẹ̀. Láròóyè tó tẹ Òṣogbo dó pàápàá, Ìpólé ló ti wá.

Iṣẹ́ wá kù. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ. Ẹnikẹ́ni tó bá bá nílé, ìbáà jẹ́ ọmọ ọmú, orúkọ mìíràn ni yóò sọ ọ́. Nígbà tí Ìyá wá ń to àwọn ọmọ bàbá àgbà fún mi, ohun tó wà nínú ìwé mi ni Agùntáṣọọ́lò, Ìbàdíàrán, Eléyinjú-ẹgẹ́, Akọ̀wé. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó dárúkọ wọn gan-an, ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni. Ọ̀pọ̀ wọn ti wà nínú sàréè, síbẹ̀ kò dá a. Mo gbé ìwé náà lọ bá ọmọbìnrin ilé wa kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìyá tó fi aró jẹun nígbà tó lágbára. Òun ló tú u fún mi. Agùntáṣọọ́lò ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ṣòwò ní Kùmásì, tó padà wálé nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà lé àwọn àjèjì ní oṣù Kọkànlá 1969. Fọ́tò rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, òǹtẹ̀ ayàfọ́tò Kùmásì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀ rẹ̀ ń yọ lọ́rùn, ṣùgbọ́n agbádá náà balẹ̀ dáadáa.

Akọ̀wé wọ ilé-ìwé ní 1955, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀. Orúkọ bàbá wọn ni tíṣà kọ fún un. Orúkọ bàbá bàbá wọn ni wọ́n kọ fún àbúrò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ bàbá kan náà fi ń jẹ́ orúkọ ìdílé méjì títí dòní.

Ìwé ìjọba náà wúlò. Àwọn fáìlì Ọ̀ṣun Division wà ní ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn; “Oshogbo” ni kí ẹ wá, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nígbà náà nìyẹn. Mo rí owó orí, mo rí ẹjọ́ ilẹ̀. Mi ò rí obìnrin ilé wa kankan níbẹ̀.

Ìyá kò mọ ọdún tí wọ́n bí òun, ṣùgbọ́n ó rántí ọ̀sán tí òṣùpá bo oòrùn, tí adìyẹ wọlé lọ sùn. 20 oṣù Karùn-ún 1947 nìyẹn. Ó ní òun ti ń gbé agbè lọ sódò.

Ìkirun ni wọ́n ti gbé e níyàwó. Ó ti pa ìtàn wa mọ́ láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún, kò sẹ́ni tó bi í ní tirẹ̀ rí nílé wa. Lọ́dún tó ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá fún un ní ìlera, èmi àti òun á jọ lọ sí ilé bàbá rẹ̀. Ó ní ẹnu ọ̀nà ilé náà dojú kọ ọjà, igi odán sì wà níwájú rẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀yin ará Ìkirun tí ẹ bá mọ àgbàlagbà tó lè júwe ibẹ̀ fún wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kàn sí mi.