Ẹ bá mi dín in kù sí 67

Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Ìjẹ̀bú-Òde, lápá Ìta-Alẹ̀. Tí ẹ bá yà sí ṣọ́ọ̀bù mi lẹ́yìn aago méje alẹ́, tí iná sì wà, ẹ ó bá mi níbi tí mo ti ń fi ẹ̀mú tí mo fi ń mú nǹkan tíntìntín inú fóònù mú apá bàálù. Bàálù oníke ni, 1/72: mílímítà kan lára tèmi dúró fún mílímítà 72 lára bàálù gidi. Ìyàwó mi ní eré ọmọdé ni. N kì í bá a jiyàn, torí òun ló ń bá mi tan tọ́ọ̀ṣì tí nǹkan bá jábọ́ sílẹ̀.

Seafire ló dá wàhálà ọdún yìí sílẹ̀. Spitfire, bàálù ogun Gẹ̀ẹ́sì, ni gbogbo ayé mọ̀. Seafire ni ọmọ ìyá rẹ̀ tó lọ gbé ojú òkun. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ló gba Spitfire, tí wọ́n so ìkọ́ mọ́ ọn lábẹ́ ikùn kó lè máa fi mú okùn irin tó wà lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé bàálù, nígbà tó bá ń balẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tó di Seafire III, wọ́n ṣe é kí apá rẹ̀ máa ká, torí àyè ìkẹ́rùsí inú ọkọ̀ kò fẹ̀, àjà rẹ̀ kò sì ga. Ẹ gbé apá yín sókè, kí ẹ wá tẹ ọrùn ọwọ́ síta. Bó ṣe ń ká gan-an nìyẹn: apá á lọ sókè, ṣóńṣó rẹ̀ á padà síta. Irú èyí tó wà lórí ọkọ̀ ogun ojú omi HMS Indefatigable ni mo fẹ́. Ní August 15, 1945, ọjọ́ tí Japan túúbá, àwọn Seafire ọkọ̀ yẹn ṣì bá bàálù Japan jà lójú ọ̀run láàárọ̀.

Ṣùgbọ́n Spitfire Vc ló wà lọ́wọ́ mi. Kó tó di Seafire III, ó ń wá abẹ̀bẹ̀ iwájú ẹlẹ́wẹ̀ẹ́ mẹ́rin dípò mẹ́ta, páìpù èéfín mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, ìkọ́, àti ojú ibi tí apá ti ń ká. Conversion là ń pe irú ẹ̀yà báyìí láàárín àwa tó ń to bàálù oníke. Résìn, irú oje kan tó máa ń le bí ike, ni wọ́n sábà máa ń fi rọ ọ́, òkè òkun ni wọ́n sì ti ń tà á.

Oṣù mẹ́ta ni mo fi wá a. Abẹ̀bẹ̀ àti páìpù èéfín wà nínú ilé mi ní gbogbo àkókò yẹn! Ọmọbìnrin mi ti jókòó lé Spitfire IX mi lọ́jọ́ kan, mo sì da àfọ́kù rẹ̀ sínú agolo mílíìkì. Spitfire IX náà lẹ́wẹ̀ẹ́ mẹ́rin, páìpù mẹ́fà-mẹ́fà. Imú abẹ̀bẹ̀ náà kò bá a mu délẹ̀délẹ̀, mo fi sáńpépà bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà. Mo ti padà ra bisikíìtì fún ọmọ tí mo nà lọ́jọ́ yẹn.

Ti apá tó ń ká ni kò ṣe é rí nínú agolo. Mo rà á, mo ní kí wọ́n gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Lọ́ńdọ̀nù, torí owó tí wọ́n fẹ́ fi gbé e wá síbí ju owó ọjà fúnra rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bọ̀ wá ṣe Ojúde Ọba ló bá mi gbé e wálé, láàárín aṣọ ẹgbẹ́ àti fìlà. Mo tú u lálẹ́ ọjọ́ náà. 1/48 ni.

Èmi ni mo ṣe é, ẹnikẹ́ni kò rẹ́ mi jẹ. Apá Spitfire gidi jẹ́ mítà 11.23 láti ṣóńṣó dé ṣóńṣó. Ní 1/72, sẹ̀ǹtímítà 15.6 ni, ní 1/48, ó lé ní 23. Agbádá bàbá lọ́rùn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Gààrí lásán ni mo mu sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, n kò tilẹ̀ wá ẹ̀pà sí i.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni mo wá rí i pé ojú ibi tí apá ti ń ká tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó bá sì tẹ́, ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì lè kà á. Mo fi ayùn gé ìdí résìn rẹ̀ kúrò nínú abọ́ omi (ẹ má gé e ní gbígbẹ o, eruku rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró), mo gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kejì sí tèmi. 48 nínú 72, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni, bíi 67 nínú ọgọ́rùn-ún.

“Ẹ bá mi dín in kù sí 67.”

Ọmọkùnrin náà gbé e sókè. “Ẹ̀gbọ́n, ṣé egungun ẹja lẹ fẹ́ kọ́pì?”

Mo mú bébà náà lọ bá Àlàájì tó ń rọ wúrà. Ó fi awò rẹ̀ wò ó, ó yí i lọ, ó yí i bọ̀.

“Ta ló fẹ́ fi èyí ṣe yẹtí?”

“Àlàájì, apá bàálù ni, sà. Ibi tó ti ń ká.”

“Bàálù tó ń ká apá bí adìẹ?” Ó rẹ́rìn-ín. Ó lẹ bébà náà mọ́ idẹ pẹlẹbẹ, ó sì fi ayùn tó fi ń gé òrùka gé e. Owó idẹ nìkan ló gbà.

Ìkọ́ kò le rárá. Wáyà bàbà inú ṣájà tó ti kú ni mo tẹ̀ bíi lẹ́tà A, mo fi lẹ́ẹ̀dì jó orí rẹ̀ pọ̀. Bàálù tó ti ká apá ti kúrò lórí ìbalẹ̀, nítorí náà mo tẹ́ ìkọ́ rẹ̀ mọ́ ikùn. Mo máa ń rí àwọn tó ká apá tí wọ́n tún jẹ́ kí ìkọ́ máa fì nílẹ̀. Kí ló tún fẹ́ fi mú?

N kò ra sítíkà. Àwọn Seafire tó wà lápá Japan kò ní pupa nínú àmì wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ti Japan ni. Búlúù àti funfun péré ni. Irin tí àwọn oníbẹ́líìtì fi ń lu awọ ni mo fi lu téèpù, mo sì kùn ún.

Ìgbà tí mo délé ni mo ka idẹ Àlàájì. Méjì ni. Apá ọ̀tún ní ojú méjì, inú àti ìta. Apá òsì náà ní méjì. Mẹ́rin ló yẹ kí n bẹ̀ ẹ́. Mo padà lọ, ó ní ìgbéyàwó mẹ́ta ń bọ̀, òrùka ló wà lọ́wọ́ òun, kí n wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Apá òsì ti ká sókè báyìí, ó dúró dáadáa. Apá ọ̀tún wà lábẹ́ ife gíláàsì lórí tábìlì, kí ọmọ mi má tún jókòó lé e.