Ẹ̀rí Ìdúpẹ́: Àwọn Tó Fìmọ̀ Ṣọ̀kan Lórí Àìsàn Mi

Ọ̀kún gbogbo yín o, ẹ̀yin ará Yàgbà, Ìjùmú, Owé, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀, àti gbogbo ọmọ Yorùbá níbikíbi tí ẹ bá wà. Mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ẹ̀mí mi sí, mo sì wá dúpẹ́ ní gbangba lọ́wọ́ àwọn tó lò láti dá a sí, nítorí pé ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ilẹ̀ Yàgbà ni mo sì ń gbé. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti làkúrègbé orúnkún ti ń bá mi fà á. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n fún mi ní lisinopril àti oògùn tí ń mú ni tọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àtọ̀gbẹ, wọ́n fún mi ní metformin. Níbi tí mo gbé orúnkún lọ, diclofenac ni, oníhóró àti alábẹ́rẹ́. Gbogbo rẹ̀ ni mo ń lò bí wọ́n ṣe ní kí n lò ó. Oògùn gidi ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, wọ́n sì ń ran ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Àmọ́ nínú gbogbo àwọn tó kọ oògùn fún mi, kò sí ẹni tó bi mí pé, "Màmá, kí ni wọ́n tún ń fún yín níbòmíràn?" Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí títí di òní, n kò sì ní fi bò, nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni irú rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ sí.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, ẹsẹ̀ mi wú, ìtọ̀ mi dínkù, èébì kò sì jẹ́ kí oúnjẹ dúró nínú mi. Òru ni wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn, ẹni tó bá sì mọ àwọn ọ̀nà wa yóò mọ ohun tí gbígbé aláìsàn lóru túmọ̀ sí. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi jẹ́ 198/112, bẹ́ẹ̀ láti 140/90 ni wọ́n ti ń sọ pé ó ga. Creatinine, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn ìdọ̀tí tí kíndìnrín máa ń sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ti pọ̀ lápọ̀jù, wọ́n sì ti ń dárúkọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọ mi ti ń ṣírò owó, wọ́n ń sunkún sábẹ́lẹ̀ kí n má baà gbọ́.

Nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà ni Ọlọ́run kọ́kọ́ lò. Ó ní kí ọmọ mi obìnrin padà sílé, kó kó gbogbo oògùn tí mo ń lò wá, títí kan àgbo àti èyí tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ náà kó wọn dé nínú ọ̀rá dúdú kan. Nọ́ọ̀sì tẹ́ aṣọ sórí tábìlì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi, ó da oògùn sí i, ó sì ń tò wọ́n ní ọ̀wọ̀ọ̀wọ́: àwọn páálí tí a fi rọ́bà so pọ̀, ike tí orúkọ ti pa rẹ́ lára rẹ̀, àti àwọn ọ̀rá kéékèèké tí wọ́n fi bírò kọ iye ìgbà tí a ó lò ó sí. Ó ń gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan sún mọ́ iná kó lè ka àwọn lẹ́tà wínníwínní ẹ̀yìn rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti rí i pé diclofenac wà nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì, ní orúkọ méjì àti páálí aláwọ̀ méjì, láti ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ó kọ gbogbo wọn sínú ìwé, ó sì gbé ìwé náà tọ dókítà lọ lóru náà, kò dúró di ìgbà tí ilẹ̀ yóò mọ́.

Dókítà náà kò sọ pé kí ni nọ́ọ̀sì mọ̀. Ó ka ìwé náà, ó wá jókòó tì mí, ó sì ṣàlàyé. Ó ní diclofenac máa ń jẹ́ kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú kíndìnrín fún pọ̀. Lisinopril, ní tirẹ̀, ń jẹ́ kí iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde là sí i. Oògùn tí ń mú ni tọ̀ sì ń dín omi ara kù. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pàdé nínú ara àgbàlagbà kan, agbára tí kíndìnrín fi ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ lè lọ sílẹ̀, àtọ̀gbẹ sì ti kọ́kọ́ ń ba tèmi jẹ́ tẹ́lẹ̀. Diclofenac kan náà tún lè mú kí ìfúnpá ga, nítorí náà oògùn orúnkún ń tú ohun tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ń dì. Lọ́jọ́ náà ni wọ́n dá diclofenac dúró pátápátá, wọ́n dá lisinopril àti oògùn ìtọ̀ dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n sì gba metformin lọ́wọ́ mi nítorí pé kíndìnrín tí kò lágbára kò lè kó o jáde bó ṣe yẹ. Wọ́n fi amlodipine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì sọ fún mi ṣáájú pé òun náà lè mú kí kókósẹ̀ wú díẹ̀, kí àyà mi má baà já bí mo bá rí i.

Ohun tó wú mi lórí jù wá ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo lè jókòó. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti apoògùn wá pọ̀, wọ́n sì béèrè ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ní mo fẹ́ máa fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti sí oko kaṣú mi, àti pé bí wọ́n bá gba oògùn orúnkún lọ́wọ́ mi láìfi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, ìrora kò ní jẹ́ kí n sùn. Wọ́n gbọ́ mi. Wọ́n fún mi ní paracetamol pẹ̀lú ìwọ̀n tí n kò gbọdọ̀ kọjá, wọ́n kọ́ mi ní eré ìdárayá tí a ń jókòó ṣe láti fún itan lágbára, wọ́n sì ní kí n wá ọ̀pá.

Abẹ́rẹ́ insulin ni wọ́n fi rọ́pò metformin fún àtọ̀gbẹ mi. Ẹ̀rù rẹ̀ bà mí púpọ̀, nítorí ohun tí wọ́n ń sọ nílé wa ni pé ẹni tí wọ́n bá ti fún ní abẹ́rẹ́ yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Nọ́ọ̀sì fi sùúrù sọ fún mi pé ní 1922, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tí àtọ̀gbẹ ti sọ di egungun lásán gba abẹ́rẹ́ náà, ó sì tún lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé sí i. Nítorí pé ibi tútù ni a ń tọ́jú insulin sí, iná mànàmáná kò sì dúró, ó kọ́ mi bí mo ṣe lè ki ìkòkò amọ̀ kékeré bọ inú ńlá, kí n da iyanrìn sáàárín wọn, kí n máa fi omi rin ín, kí n sì fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kan láti Àríwá, Mohammed Bah Abba, gbà Ẹ̀bùn Rolex fún ní 2000, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀fọ́ àti èso pẹ́ kó tó bàjẹ́. Tèmi wà ní kọ̀rọ̀ yàrá mi níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, inú rẹ̀ sì ń tutù lóòótọ́.

Nígbà tó yá, mo ń jí lóru pẹ̀lú òógùn tútù, ọwọ́ mi á sì máa gbọ̀n. Mo fi ẹ̀rọ wọn ṣúgà, mo rí 58 mg/dL, ìyẹn ni pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀ jù, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé pẹ̀lú aago tó ṣẹlẹ̀. Bí dókítà ṣe rí àkọsílẹ̀ náà ló dín insulin alẹ́ kù, nítorí pé bí kíndìnrín kò bá lágbára, insulin máa ń pẹ́ nínú ara. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ jẹ́ kí n mọ ohun tí n kò lè rí láti ibí." Inú mi dùn gan-an.

Lórí oúnjẹ, ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi kún fún ohun tí a kì í jẹ nílé wa. Mo sọ fún wọn pé ọmọ Ọ̀kún ni mí, iyán ni oúnjẹ wa. Nọ́ọ̀sì kò jiyàn. Ó ní kí n mú òkèlè díẹ̀, kí ẹ̀fọ́ pọ̀ ju iyán lọ nínú àwo, kí n sì dín iyọ̀ àti magí kù. Nígbà tí ààwẹ̀ ìjọ dé, mo sọ fún wọn, wọ́n sì bẹ̀ mí kí n má fi ebi gbààwẹ̀ pẹ̀lú insulin lára. Pásítọ̀ wa náà fara mọ́ ọn, ó ní kí n fi àdúrà gba tèmi.

Dókítà kíndìnrín wà ní Lọ́kọ́ja. Dókítà tòsí wa ń fi èsì àyẹ̀wò ránṣẹ́ sí i, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí n má baà máa lọ máa bọ̀ lójú ọ̀nà náà. Káàdì kan ṣoṣo ni wọ́n kọ gbogbo oògùn mi sí, mo sì ń mú un dání lọ síbikíbi tí wọ́n bá fẹ́ fún mi ní oògùn.

A kò lo ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀. Creatinine ti wálẹ̀ gan-an, kò tíì dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, dókítà sì sọ òótọ́ fún mi pé ó lè má dé ibẹ̀ mọ́. Ìfúnpá mi wà ní 134/80 nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn. Mo ti rìn dé oko.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà náà, lọ́wọ́ apoògùn, lọ́wọ́ àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, àti lọ́wọ́ ọmọ mi tó ń kọ ìwé fún mi nígbà tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo dúpẹ́ jù lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì náà, tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń ṣọ́ gbogbo yàrá àwọn obìnrin lóru ọjọ́ yẹn, tó sì tún ráyè to oògùn mi. Mo ń bẹ àwọn tó wà nípò ní ìpínlẹ̀ Kogí pé kí wọ́n gba àwọn nọ́ọ̀sì sí i sí ilẹ̀ wa, kí wọ́n sì fún wọn ní ohun èlò, kí àwọn tó kù má baà rẹ̀ dànù. Ọlọ́run yóò bá mi san án fún gbogbo wọn.