Kí ẹ tó di ìwé sínú páálí fún ilé ìkàwé ìlú

Bí ẹ bá fẹ́ ran ilé ìkàwé ìjọba lọ́wọ́, yálà ní Àkúrẹ́ tàbí ní ìlú Oǹdó, ẹ kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ibẹ̀, ẹ kí wọn, ẹ béèrè ohun tí wọn ò ní. Ìwé tí ẹnikẹ́ni ò béèrè máa ń di ẹrù sọ́rùn òṣìṣẹ́: wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á kọ ọ́ sínú rẹ́jísítà, wọ́n á lu sítáǹbù sí i, wọ́n á wá àyè fún un lórí pẹpẹ. Ìwé kọ̀ǹpútà tó ti lé ní ogún ọdún kò yẹ fún gbogbo wàhálà yẹn.

Ohun tí àwọn ọmọ ń wá jù ni ìbéèrè àtẹ̀yìnwá WAEC, NECO àti JAMB, àti ìwé lítíréṣọ̀ tó wà nínú sílábọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ti ń já sófo. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni WAEC ń pààrọ̀ ìwé lítíréṣọ̀ rẹ̀: àwọn ti 2021 sí 2025 ti parí, òmíràn ló wà fún 2026 sí 2030. Ẹ mú sílábọ́ọ̀sì dání kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ra púpọ̀, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn ilé iṣẹ́ atẹ̀wé ní Ìbàdàn, kí ẹ béèrè ẹ̀dínwó.

Ìwé àlòkù, ẹ má gbé e wọlé tààrà. Ẹ gbọ̀n ọ́n níta, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa. Yẹ̀pẹ̀ tín-ín-rín túmọ̀ sí ikán. Àmì dúdú wẹ́wẹ́, aáyán ni. Èyí tó bá ń rùn bí aṣọ tí wọ́n ká ní tútù ti ní èbu. Ẹ di èyí tó bá mọ́ sínú náílọ́ọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ 2, kí ẹ tún un wò kó tó dara pọ̀ mọ́ àwọn yòókù. Ìwé tó ti bu, ẹ má fi aṣọ tútù nù ún, nítorí ọ̀rinrin ló bí èbu. Ẹ tẹ́ ẹ síbi tó ní ibòji tí atẹ́gùn sì ń fẹ́. Oòrùn a máa ká èèpo ìwé, a sì máa ṣá àwọ̀ rẹ̀. Bí èbu náà bá ti gbẹ di lẹ́búlẹ́bú, ẹ wọ ìbòmú, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá a kúrò níta gbangba. Iṣẹ́ yìí pọ̀ láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá tí òjò ń rọ̀.

Ẹ fi àlàfo sílẹ̀ láàárín pẹpẹ àti ògiri, ó kéré tán, ìbú ọwọ́ kan. Ara ògiri ni ikán ń gbà gòkè. Bí pẹpẹ bá fara ti ògiri, ẹ ò ní rí ọ̀nà rẹ̀ títí yóò fi wọnú ìwé.

Ìwé tó ya, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lẹ sẹ́lótéèpù mọ́ ọn. Yóò pọ́n, gọ́ọ̀mù rẹ̀ yóò sì wọ inú ìwé lọ, kò sì ṣeé yọ mọ́. Gọ́ọ̀mù funfun PVA tí àwọn tó ń di ìwé ń lò ló dára, torí kì í gan bó bá gbẹ. Bí èèpo líle bá ti ń mì lára ìwé, ẹ ti abẹ́rẹ́ ìhunṣọ gígùn bọ inú gọ́ọ̀mù, ẹ tì í bọ àlàfo tó wà láàárín èèpo àti ẹ̀yìn ìwé, díẹ̀ báyìí. Ẹ fi náílọ́ọ̀nù sáàárín èèpo àti ojú ewé kí wọ́n má baà lẹ̀ pọ̀, ẹ pa ìwé náà dé, ẹ gbé ẹrù lé e di ọjọ́ kejì.

Nípa títo ìwé, àṣìṣe kan wọ́pọ̀. Ẹni tí kò mọ nọ́ńbà Dewey, ìyẹn nọ́ńbà ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fi ń to ìwé gẹ́gẹ́ bí kókó rẹ̀, á rò pé 630.15 ń bọ̀ lẹ́yìn 630.2, torí 15 ju 2 lọ. 630.15 ló ṣáájú, torí ọ̀kọ̀ọ̀kan la ń wo nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn àmì tó-tò: 1 ṣáájú 2. Ìwé tí wọ́n bá sì tò síbi tí kì í ṣe tirẹ̀ ti sọnù nìyẹn, bó tilẹ̀ wà nínú ilé. Kí ẹni tuntun kó ìwé sórí tábìlì títí òṣìṣẹ́ yóò fi kọ́ ọ.

Ó wá ku owó. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìdáwójọ ní oṣù Kẹsàn-án. Owó ilé ìwé ti gbọ́n àpò òbí gbẹ. Láti oṣù Kẹwàá dé oṣù Kejìlá, kòkó ti ń wọlé láti Ìdànrè àti oko Oǹdó, àwọn ọmọ ìlú sì ń bọ̀ wálé ọdún. Ayẹyẹ tí kánópì, oúnjẹ àti olórin máa jẹ owó rẹ̀ tán kò wúlò. Ẹ kọ ohun tí ẹ nílò sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye rẹ̀, kí ìjọ, jàmáà tàbí ẹgbẹ́ ọmọ ilé ìwé àtijọ́ lè mú èyí tí agbára wọn ká. Àdáṣooṣù ló sàn jù lójú tiwa: ènìyàn 40 tó ń dá ₦1,000 lóṣù yóò mú ₦480,000 wá lọ́dún, òun la sì fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀, gílóòbù, gọ́ọ̀mù àti dátà.

Owó kò gbọdọ̀ wọ àkáǹtì ẹnì kan. Orúkọ ẹgbẹ́ ni kó wà, kí ẹni 2 máa buwọ́ lù ú. Báǹkì sábà máa ń béèrè ìwé CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, nítorí náà ẹ forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ kí ẹ tó kéde. Ẹ já rìsíìtì onínọ́ńbà fún gbogbo ẹni tó bá dáwó.

Ohunkóhun tí ẹ bá fi ta ilé ìkàwé ìjọba lọ́rẹ ti di ti ìjọba. Ẹ kọ lẹ́tà ẹ̀bùn ní ẹ̀dà 2, ẹ sọ iye rẹ̀ àti yàrá tó wà fún, pàápàá bó bá jẹ́ àga kéékèèké fún àwọn ọmọdé, kí wọ́n lu sítáǹbù sí ẹ̀dà yín. Bí wọ́n bá gbé ọ̀gá ibẹ̀ lọ sí ibòmíràn, lẹ́tà yẹn ni ẹni tuntun yóò fi mọ ẹni tí àga kéékèèké wọ̀nyẹn wà fún.