Àdìrẹ lórí èékánná: bí a ṣe ń yà á nílé

Kíkun èékánná ní àwọ̀ kan ṣoṣo kò le. Ìgbà tí a bá ní ká ya nǹkan sórí rẹ̀ ni wàhálà ń dé: ìlà á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, funfun á wọnú búlúù, tọ́ọ̀pù kóòtù (kútẹ́ẹ̀sì aláìláwọ̀ tí a fi ń bò ó gbẹ̀yìn) á wá fa gbogbo rẹ̀ yà bí ìgbà tí omi dà sórí ìwé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ máa ń dá ọwọ́ ara rẹ̀ lẹ́bi pé ó ń gbọ̀n. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ ò ṣẹ̀. Kútẹ́ẹ̀sì tí kò tíì gbẹ ló fà á.

Àdìrẹ la máa yà níbí, aró àti funfun. Àwọ̀ méjì péré ló gbà, ìlà rẹ̀ ò sì ní kó tọ́ bí èyí tí a fi rúlà fà. Àwọn aládìrẹ Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo tó ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sórí aṣọ funfun kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò ni aró ò ní mú. Ìlà tí ìyẹ́ fà máa ń nípọn níhìn-ín, kó tín-ín-rín lọ́hùn-ún. Bí ti èékánná yín náà bá rí bẹ́ẹ̀, ó bá aṣọ mu, kò sẹ́ni tó máa sọ pé ẹ ṣì í yà.

Ẹ wá béèsì tó mọ́ gaara (èyí tí a ń kọ́kọ́ kùn sábẹ́ àwọ̀), kútẹ́ẹ̀sì búlúù tó ṣú dáadáa, tọ́ọ̀pù kóòtù, rimúfà (ohun tí a fi ń nu kútẹ́ẹ̀sì kúrò), sípíríìtì, òwú, fáìlì èékánná, túùtùpííkì, abẹ́rẹ́ olórí róbótó, omi díẹ̀ nínú àwo pẹlẹbẹ, àti ọ̀rá kan tí ẹ máa tẹ́ sórí tábìlì. Funfun tí ẹ máa fi yàwòrán kì í ṣe kútẹ́ẹ̀sì. Pẹ́ǹtì ákírílíìkì olómi ni, irú èyí tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń yàwòrán, tí wọ́n ń tà nílé ìtàwé. Búrọ́ọ̀ṣì tó dára fún un ni nọ́ńbà 00 tàbí 000. Bí ẹ ò bá rí i rà, ẹ mú búrọ́ọ̀ṣì inú kútẹ́ẹ̀sì tó ti tán, ẹ fi rimúfà fọ̀ ọ́, kí ẹ fi bíléèdì gé irun rẹ̀ kúrò títí yóò fi ku bíi mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Láti ìdí ni kí ẹ ti gé e. Ẹni tó gé ṣóńṣó rẹ̀ á kàn ní búrọ́ọ̀ṣì tó kúrú tó sì le ni, kò ní í fa ìlà.

Ìdí tí a fi yan pẹ́ǹtì nìyí. Kútẹ́ẹ̀sì ò yàtọ̀ sí oje tí a yọ́ sínú kẹ́míkà kan tó ń yára fẹ́ lọ. Bí kẹ́míkà náà bá ti fẹ́ lọ tán, oje á le. Bí ẹ bá wá fi kútẹ́ẹ̀sì funfun fa ìlà sórí búlúù, kẹ́míkà inú funfun á tún yọ́ búlúù abẹ́ rẹ̀, àwọn méjèèjì á sì pò mọ́ra. Pẹ́ǹtì olómi ò ní kẹ́míkà yẹn. Ṣe ló máa jókòó jẹ́ẹ́ sórí búlúù. Bí ẹ bá ṣì í yà, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó tutù nù ún kí ó tó gbẹ, búlúù ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀.

Ẹ nu kútẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kúrò, ẹ fi fáìlì tún ẹnu èékánná ṣe, ọ̀nà kan náà ni kí ẹ máa fà á sí, ẹ má fà á síwá sẹ́yìn bíi ayùn, torí ó máa ń jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ pín sí ìpele ìpele. Ẹ má ki ọwọ́ bọ omi gbígbóná lọ́jọ́ náà, bí wọ́n tilẹ̀ ń ṣe é ní ṣọ́ọ̀bù. Èékánná ń mu omi, ó sì ń wú. Tí a bá kùn ún nígbà tó wú, á padà súnkì bó bá ṣe ń gbẹ, kútẹ́ẹ̀sì orí rẹ̀ ò sì lè bá a súnkì, ló bá là. Awọ tó yí ìdí èékánná ká, ẹ kàn rọra tì í sẹ́yìn, ẹ má gé e. Òun ni kì í jẹ́ kí ìdọ̀tí ráyè wọlé síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú sípíríìtì nu èékánná mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, kódà bí wọ́n bá mọ́ lójú. Ìpara àti òróró ọbẹ̀ wà lára wọn. Ibi tí òróró bá wà, kútẹ́ẹ̀sì ò ní mú un, ibẹ̀ ló sì ti máa kọ́kọ́ ṣí.

Ẹ pa fáànù. Ẹ̀yin tí ooru ń mú, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Atẹ́gùn fáànù máa ń gbẹ ojú kútẹ́ẹ̀sì nígbà tí abẹ́ rẹ̀ ṣì tutù, kẹ́míkà tó há sábẹ́ á máa wá ọ̀nà jáde, ohun tí ẹ máa rí ni àwọn ilé afẹ́fẹ́ kéékèèké bí ìgbà tí òjò wínníwínní rọ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀. Jíjan ìgò mọ́ ọwọ́ náà máa ń fà á. Ẹ yí ìgò láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, bí ẹni ń yí òwú.

Ẹ kun béèsì lẹ́ẹ̀kan, ẹ jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú 2. Ẹ má fò ó, torí búlúù tó ṣú máa ń pa èékánná láró. Ìgbà mẹ́ta ni búrọ́ọ̀ṣì ń kọjá lórí èékánná kan: àárín, ọ̀tún, òsì. Ẹ fi ibi tó tó ìbú okùn ìránṣọ kan sílẹ̀ nídìí, torí kútẹ́ẹ̀sì tó bá ti kan awọ ló ń ṣí bí èèpo lọ́jọ́ kejì. Kí ẹ tó gbé búrọ́ọ̀ṣì kúrò, ẹ fi kan ẹnu èékánná gan-an, ìyẹn etí tí fáìlì gbà kọjá. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo tí ẹ bá kùn ún. Bí béèsì bá ti gbẹ, ẹ kun búlúù lẹ́ẹ̀mejì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìṣẹ́jú 3 láàárín wọn. Ti àkọ́kọ́ máa ń rí gátagàta, ẹ má jẹ́ kó bí yín nínú débi tí ẹ ó fi kùn ún nípọn. Ìkùn kan tó nípọn ń pẹ́ ju méjì tó fẹ́lẹ́ lọ kó tó gbẹ.

Wàyí o, ẹ dúró fún 20 ìṣẹ́jú. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Bí a ṣe ń dán an wò ni pé kí ẹ fi ojú èékánná kan kan òmíràn fẹ́ẹ́rẹ́. Bí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ra díẹ̀ kí wọ́n tó jára wọn sílẹ̀, kò tíì tó. Bí wọ́n bá yọ̀ kọjá lára ara wọn, ẹ lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tẹ pẹ́ǹtì tó tó hóró ẹ̀wà kan sórí ọ̀rá, ẹ fi túùtùpííkì kán omi kan sí i, kí ẹ rò ó pọ̀ títí yóò fi ki bíi mílíìkì inú agolo. Tó bá ki jù, ìlà á máa já lójú ọ̀nà; tó bá ṣàn jù, á tàn sẹ́bàá, funfun rẹ̀ á sì dà bí èéfín. Ẹ rì búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́, ẹ yí i lórí ọ̀rá kí ṣóńṣó rẹ̀ lè mú. Ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì, ọmọńdinrín ọwọ́ tó ń yàwòrán kó fara ti ọwọ́ kejì. Ìka tí ẹ ń yà sí ni kí ẹ máa yí, ẹ jẹ́ kí búrọ́ọ̀ṣì dúró sójú kan.

Àtàǹpàkò la máa gbé Ìbàdàndùn, ọnà àdìrẹ kan, lé, torí òun ló fẹ̀ jù. Nínú àdìrẹ yẹn, òpó Gbọ̀ngàn Mápó àti síbí máa ń tẹ̀ léra wọn. Aṣọ odidi ni wọ́n ń ya gbogbo rẹ̀ sí. Èékánná gba òpó mẹ́ta àti síbí méjì, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fa ìlà mẹ́ta láti òkè wá sísàlẹ̀, èyí tó wà láàárín ni kí ẹ kọ́kọ́ fà kí àlàfo má baà ṣe wọ́gọwọ̀gọ. Ẹ fi ìlà kékeré dábùú orí àti ẹsẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n di òpó nìyẹn. Láàárín òpó kan sí èkejì, ẹ fi orí abẹ́rẹ́ tọ́ funfun kan sókè, kí ẹ fi ẹnu túùtùpííkì fa ìrù rẹ̀ wálẹ̀ kí ó tó gbẹ. Síbí ti dé. Ọmọńdinrín ò gbà ju síbí kan lọ, ó sì ti tó o.

Fún àwọn ìka yòókù, àdìrẹ oníko, tí wọ́n fi ń so okùn mọ́ aṣọ, ló rọrùn jù: òbìrí tí a fi tótò, ìyẹn àmì róbótó kéékèèké, yí ká. Ẹ tọ́ ọ̀kan sí àárín, kí ẹ fi mẹ́jọ yí i po. Tótò àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí ẹ bá rì í ló tóbi jù, èyí tó tẹ̀ lé e á kéré sí i. Bí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n dọ́gba, ẹ máa rì í fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ń lo ọwọ́ ọ̀tún lè fi òpó sí ọwọ́ òsì nìkan, kí ó fi tótò ṣe ti ọ̀tún, nítorí ọwọ́ òsì mọ tótò í tọ́, kò mọ ìlà í fà. Lójú tiwa, kí ìka méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ kan wà ní búlúù lásán. Ó máa ń jẹ́ kí èyí tí a yà hàn.

Ẹ fún pẹ́ǹtì ní ìṣẹ́jú 10. Bí omi bá ṣì wà nínú rẹ̀, tọ́ọ̀pù kóòtù á há a mọ́bẹ̀, ojú rẹ̀ á ṣe kùrukùru. Ẹ jẹ́ kí tọ́ọ̀pù kóòtù pọ̀ lẹ́nu búrọ́ọ̀ṣì, kó dà bí ìrì tó fẹ́ já bọ́, kí ó jẹ́ pé òun ló ń kan èékánná, irun búrọ́ọ̀ṣì ò sì kàn án rárá. Ẹ má padà sí ibi tí ẹ ti kùn. Ẹ bo ẹnu èékánná: bí omi bá ráyè gba ibẹ̀ wọlé, pẹ́ǹtì á rọ̀, àwòrán á sì ṣí pẹ̀lú tọ́ọ̀pù kóòtù rẹ̀.

Ojú á gbẹ láìpẹ́, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ṣì rọ̀ fún wákàtí mélòó kan. Ẹ má fi ọwọ́ yẹn jẹ èbà gbígbóná, ẹ má fọ aṣọ, ẹ má sì sùn lé e. Àmì bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì tí ẹ máa bá lórí rẹ̀ láàárọ̀ ò ní í ṣeé tún ṣe. Lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tọ́ọ̀pù kóòtù fẹ́lẹ́ kan á mú kó pẹ́ sí i.

Ẹni tó bá ń lo jẹ́ẹ̀lì oníná, òfin tirẹ̀ yàtọ̀. Jẹ́ẹ̀lì kì í gbẹ fúnra rẹ̀. Iná láǹpù rẹ̀ ló ń mú un le. Bí wọ́n bá mú iná lọ láàárín, ẹ tún àkókò náà bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá nípọn, abẹ́ rẹ̀ ò ní le. Bí jẹ́ẹ̀lì tútù bá kan awọ, ẹ nù ún kí ẹ tó ki ọwọ́ sábẹ́ iná. Àwọn kan ti ti ibẹ̀ kó èèwọ̀ ara tí kì í lọ mọ́, tó jẹ́ pé ìka á máa yún, á sì máa bó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún lò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe àlùwàlá, ẹ mọ̀ pé kútẹ́ẹ̀sì àti jẹ́ẹ̀lì kì í jẹ́ kí omi kan èékánná. Ọ̀pọ̀ ló ń lo làálì nítorí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ yẹra fún làálì dúdú tó ń mú láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọ̀ irun ni wọ́n sábà ń pò mọ́ ọn, ó sì lè bó èèyàn lára.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ nù ún, ẹ jìnnà sí sítóòfù àti gáàsì, torí rimúfà ń gbiná kíá. Ẹ tẹ òwú tó rin mọ́ èékánná kan fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ tó fà á wá sí ẹnu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó bá ń fi í ra síhìn-ín sọ́hùn-ún á fi aró kun gbogbo ìka. Èyí tó bá kù ní kọ̀rọ̀, ẹ we òwú mọ́ orí túùtùpííkì, ẹ rì í sínú rimúfà, kí ẹ fi yípo. Bí búlúù bá ti wọ inú èékánná fúnra rẹ̀, rimúfà ò ní mú un kúrò. Ẹ óò dúró kó hù jáde, bíi mìlímítà 3 ló sì ń hù lóṣù.