Ojú Mi Ni Lẹ́fẹ́ẹ̀lì Mi

Ọjọ́ tí oníṣẹ́ táìlì náà kọ́kọ́ wọ ilé wa ní Òkè-Àró, nílùú Àkúrẹ́, fóònù méjì àti ẹnu kan ṣoṣo ni ó mú wá, ẹnu náà ni ó sì ṣiṣẹ́ jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ẹnu ọ̀nà ni ó ti wo balùwẹ̀ wa, kò wọlé, ó mi orí bíi dókítà tí wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó gbé aláìsàn wá bá, ó sì bi mí pé ta ni ó ṣe irú iṣẹ́ báyìí fún mi. Mo ní ẹni tí mo ra ilé náà lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ bá mi dárí jì í." Níbẹ̀ gan-an ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀. Mo rò ó pé ẹni tí ó lè dárí ji ẹni tí ó ba balùwẹ̀ jẹ́ kò ní ba tèmi jẹ́.

Oṣù kejì ọdún 2023 ni, àsìkò tí owó náírà di àwátì ní Nàìjíríà, tí ọjà ń kọ owó àtijọ́, tí a kò sì rí tuntun gbà, tí èmi fúnra mi máa ń ti ibi iṣẹ́ ní Alágbàká lọ tò síwájú báńkì bí ẹni tí ó fẹ́ gba sàráà. Oyún ìyàwó mi ti wọ oṣù kẹjọ. Ìyá rẹ̀ ń bọ̀ láti Ìdànrè láti wá wẹ ọmọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ balùwẹ̀ wa ti sán káàkiri débi pé èèrà ti kọ́lé sí apá kan rẹ̀. Ó wù mí kí Màmá bá balùwẹ̀ gidi nílé àna rẹ̀.

Kí n má purọ́, ẹlòmíràn ti kọ́kọ́ wá wo iṣẹ́ náà. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni, ó gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì gígùn, irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú, kọ́ èjìká bí ọdẹ tí ó gbé ìbọn, ó wọ balùwẹ̀ lọ, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ẹni tí ó ń kí Déjì láàfin, tí ó ń fi ojú kan wo ilẹ̀. Nígbà tí ó dìde, ó ní àfi kí a kọ́kọ́ fọ́ ilẹ̀ àtijọ́, kí a da símẹ́ǹtì tuntun tí yóò máa rẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ihò tí omi ń gbà jáde, bíi sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì fún mítà kọ̀ọ̀kan, kí a jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, kí a tó wá lẹ táìlì lé e. Ọjọ́ mẹ́rin ni ó dá. Ó dárúkọ owó iṣẹ́, mo sì sìn ín dé ẹnu géètì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bí mo ṣe padà wọlé, mo sọ fún ìyàwó mi pé olè ni. Ẹni kejì, èyí tí ó ní fóònù méjì, ní ọjọ́ kan ti tó, ìdajì owó náà ni òun yóò sì gbà.

Aago mẹ́sàn-án ni àdéhùn wa, ó dé ní aago mọ́kànlá, òun àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan tí ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ṣíbí símẹ́ǹtì àti ẹ̀rọ ìgétáìlì. Mo wo inú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo wo ẹ̀yìn ọmọ náà, mo wá bi í pé, "Ọ̀gá, lẹ́fẹ́ẹ̀lì yín dà?" Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìka méjì sí ojú ara rẹ̀, ó ní, "Dádì, ojú mi ni lẹ́fẹ́ẹ̀lì mi. Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Àwọn tí kò dá ojú ara wọn lójú ni ó ń gbé lẹ́fẹ́ẹ̀lì kiri." Mo tún bi í bóyá kò yẹ kí a rẹ àwọn táìlì náà sínú omi ná, nítorí mo ti rí i tí àwọn bíríkìlà ń ṣe bẹ́ẹ̀ kí táìlì má baà fa omi inú símẹ́ǹtì mu. Ó ní táìlì ìsinsìnyí ti mu omi yó láti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe é. Mo dákẹ́. Akọ̀wé ni mí, n kò mọ ohun tí táìlì ń mu.

Bí ó ṣe ń lẹ̀ ẹ́ ni ó yà mí lẹ́nu jù lọ. Kò tẹ́ símẹ́ǹtì sí ilẹ̀ kí ó kárí. Ṣe ni ó ń bu òkìtì márùn-ún sí ẹ̀yìn táìlì kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan láàárín, òkìtì kéékèèké bí ìyán tí wọ́n ń bù fún àlejò tí wọn kò pè. Nígbà tí mo béèrè ìdí, ó ní, "Símẹ́ǹtì ti wọ́n, Dádì. Owó yín ni mò ń bá yín ṣọ́." Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti fi símẹ́ǹtì funfun dí gbogbo àlàfo rẹ̀, ó ti nù ún, balùwẹ̀ sì ń dán yanranyanran. Táìlì mẹ́rìndínlógójì ni, mo kà á. Mo ya fọ́tò rẹ̀ sí WhatsApp, àwọn ará ibi iṣẹ́ mi ń kí mi kú oríire. Mo san owó tí mo rí fà jọ, ó ku ìdá kan nínú mẹ́rin, ó sì ní kí n má ṣe ìyọnu, òun kì í ṣe ẹni tí ó ń sáré lé owó.

Ọjọ́ kẹta ni mo kọ́kọ́ wẹ̀ níbẹ̀. Mo da igbá omi àkọ́kọ́ sára, mo fi ọṣẹ kun orí, mo da èkejì. Omi náà wo ihò lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tí ó rí onígbèsè rẹ̀ níwájú, ó yí padà, ó kọrí sí ẹnu ọ̀nà, ó gba abẹ́ ilẹ̀kùn kọjá láìkan ilẹ̀kùn, ó wọ yàrá, ó sì lọ jókòó sórí rọ́ọ̀gì tí ìyàwó mi rà ní Ọjà Ọba. Ọṣẹ ṣì wà lójú mi nígbà tí mo gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó ní, "Bàbá Adé, ṣé inú yàrá ni ẹ ti ń wẹ̀ ni?"

Mo pe oníṣẹ́ wa. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ní kí n má mikàn, omi náà kò tíì mọ ọ̀nà ni. Ó ní ilẹ̀ tuntun a máa rí bẹ́ẹ̀, kí n fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Èmi tí mo kàwé, tí mo ń buwọ́ lu fáìlì ní ilé iṣẹ́ ìjọba, mo fún omi ní ọ̀sẹ̀ kan.

Nínú ọ̀sẹ̀ náà, ìwẹ̀ di iṣẹ́ ogun nílé wa. A ká aṣọ ìnura méjì gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà bí odi ìlú. Adé, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni aṣọ́bodè, òun ni ó di àkísà mú tí ó ń kéde ibi tí omi bá dé. Èmi a máa fi ọwọ́ kan wẹ ara, n ó fi ọwọ́ kejì gbá omi padà sí ihò pẹ̀lú ìgbálẹ̀, a sì máa ṣẹlẹ̀ pé kí n fi ìgbálẹ̀ họ ẹ̀yìn kí n tó rántí. Ní òpin ọ̀sẹ̀, omi kò mọ ọ̀nà, àwọn táìlì náà sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Nítorí pé abẹ́ wọn ṣófo láàárín òkìtì kan sí èkejì, ohùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ní bí a bá tẹ̀ ẹ́: èyí tí ó wà lẹ́nu ọ̀nà ń ké bíi ṣáwórò, èyí tí ó wà lábẹ́ fèrèsé ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí ìyá ìlù. Bí mo bá dìde lóru, ìyàwó mi yóò sọ láti orí ibùsùn pé, "Ẹ ti kọjá fèrèsé, ẹ rọra, ibẹ̀ yẹn ń yọ̀." Kò la ojú rárá.

Ọlọ́run sọ ìyàwó mi kalẹ̀ láyọ̀, Màmá sì dé láti Ìdànrè pẹ̀lú ọṣẹ dúdú, kànìnkàn, adìyẹ méjì àti àpò ọsàn kan. Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́. Gbogbo ayé rẹ̀ ni ó fi ṣe iṣẹ́ kòkó, ó sì mọ pèpéle símẹ́ǹtì tí wọ́n ń sá kòkó sí bí mo ṣe mọ tábìlì mi, pèpéle tí wọ́n máa ń jẹ́ kí ó ṣe gẹ̀rẹ́ díẹ̀ kí omi òjò má baà dúró lórí rẹ̀. Ìlú tí ó sì ti wá, àárín àpáta ni, níbi tí òjò ti ń ti orí òkè rọ́ wálẹ̀ tí kò ṣìnà rí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó jókòó sórí àpótí ní balùwẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì wẹ ọmọ náà ní àwẹ̀dọ́kàn. N kò rántí sọ ọ̀rọ̀ odi ìlú fún un. Nígbà tí ó fi máa gbé ọmọ jáde, báàgì tí ó gbé wá, tí ó ṣì wà nílẹ̀ yàrá pẹ̀lú aṣọ tí ó fẹ́ wọ̀ níbi ìsọmọlórúkọ, ti mu omi yó, gẹ́gẹ́ bí táìlì ìsinsìnyí. Màmá sọ gbólóhùn kan ní èdè Ìdànrè. Mo gbọ́ ọ yékéyéké, ṣùgbọ́n n kò ní kọ ọ́ síbí nítorí ọ̀wọ̀ ẹ̀yin tí ẹ ń kà á. Lẹ́yìn náà ó rọra ní, "Bàbá Adé, ẹ bá mi pe ẹni tí ó ṣe é."

Mo mọ̀ pé bí mo bá ní iṣẹ́ kò dára, kò ní wá, nítorí náà mo ní kí ó wá gba ìyókù owó rẹ̀. Kò tó wákàtí kan tí ó fi dé. Màmá kí i dáadáa, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀, ó mú un lọ sí balùwẹ̀, ó sì yọ ọsàn kan nínú àpò. Ó gbé e sílẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ihò gan-an, ó sì yọwọ́. Ọsàn náà rò ó díẹ̀. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀mejì, ó wá mú ọ̀nà pọ̀n, ó jáde ní balùwẹ̀, ó gba iwájú wa kọjá lọ sí abẹ́ ibùsùn.

Oníṣẹ́ náà ní, "Màmá, ọsàn kì í ṣe lẹ́fẹ́ẹ̀lì. Ó rí roboto, ibi tí ó bá wù ú ni yóò yí sí."

"Òótọ́ ni," ni Màmá wí, ó sì gbé òmíràn sí igun kejì. Ó lọ sí abẹ́ ibùsùn. Ọ̀gbẹ́ni náà ní ọsàn Ìdànrè ti wúwo jù ní apá kan. Màmá gbé tànjarín sílẹ̀. Ó gbé àgbálùmọ̀ sílẹ̀. Adé ti kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tí ó ń kó wọn jọ sínú ẹ̀wù, tí ó ń pariwo pé, "Ó tún ń bọ̀ o! Ẹ tún fi òmíràn ránṣẹ́!"

Nígbà náà ni ọkùnrin yìí lóṣòó, ó di ojú kan, ó fi ojú kejì, èyí tí ó jẹ́ lẹ́fẹ́ẹ̀lì, wo ilẹ̀ títí. Ó dìde, ó gbọn eruku ọwọ́, ó sì dájọ́. Ó ní ilẹ̀ náà kò ní ìṣòro kankan, ihò ni wọ́n gbẹ́ síbi tí kò yẹ. Bí a bá lè rí owó díẹ̀ kún un, òun yóò bá wa gbẹ́ ihò mìíràn sínú yàrá, níbi tí omi ti fẹ́ lọ. Mo wo Màmá. Màmá wo ibùsùn mi bí ẹni tí ó ń wá ibi tí wọn yóò gbẹ́ ihò náà sí. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ọ̀kan nínú fóònù méjì náà dún, ó gbé e sétí, ó ní, "Mo ti wà ní ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé báyìí, mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé," ó sì jáde lọ láti ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀ wa ní Òkè-Àró.

Mo padà lọ bẹ ọkùnrin jẹ́jẹ́ àkọ́kọ́. Kò fi mí rẹ́rìn-ín, èyí sì dùn mí ju ẹ̀rín lọ. Ó fi èèkù ṣíbí símẹ́ǹtì kan táìlì kan, ó tẹ́tí, ó kan òmíràn, ó wá ti irin pẹlẹbẹ kan bọ abẹ́ rẹ̀. Táìlì náà ṣí bí ọmọrí ìkòkò, odidi, láìsán. Òkìtì márùn-ún wà lábẹ́ rẹ̀, wọ́n ti gbẹ gbáú, wọn kò sì mọ táìlì náà rí. Nínú mẹ́rìndínlógójì, méjì péré ni ó fọ́. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun kò tú táìlì tí ó rọrùn tó èyí rí, pé ẹni tí ó lẹ̀ ẹ́ ṣàánú mi. Ọjọ́ mẹ́rin náà ni ó lò lóòótọ́. Ó mú rọ́bà gígùn kan tí a lè rí inú rẹ̀, ó bu omi sí i, ó na ẹnu kan sí igun, ó fi ẹnu kejì sí ẹ̀gbẹ́ ihò, ó ní ibi tí omi bá dúró sí ní ẹnu méjèèjì ni ó dọ́gba, láti ibẹ̀ ni òun yóò ti mọ iye tí òun yóò fi rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Mo dúró níbẹ̀ tí mo ń wo omi tí wọ́n fi ń kọ́ ilẹ̀ bí yóò ṣe gba omi. Owó tí ó gbà kò yí padà. Èmi ni mo ti kọ́kọ́ san ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì rẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí ó parí, Màmá gbé ọsàn kan sí ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Ó yí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ, ó sì gúnwà sórí ihò bí ọba.

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó tẹ̀lé e, fóònù mi dún. Ọ̀gá olójú lẹ́fẹ́ẹ̀lì ni. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn. Ó ní, "Dádì, ẹ rí i pé odidi ni ó jáde? Mo mọ̀ọ́mọ̀ lẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹ má baà pàdánù táìlì yín bí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú. Ìyókù owó mi ni mo fi pè." N kò rí ohun tí n ó sọ. Màmá na ọwọ́, ó gba fóònù náà, ó sì kí i tọmọtọmọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọ mi, a kò ní fi owó rẹ pamọ́. Ká ní bí o ṣe fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ ni ó ṣì wà, à bá kàn gbé e sí balùwẹ̀, yóò sì yí wá bá ọ lẹ́nu ọ̀nà fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún un ṣe. Inú ihò ni ó yí sí."