Ìrìn ni kí o kọ́kọ́ wò

Ọjọ́bọ̀, ìparí oṣù kẹwàá

Àsìkò Körung, ìyẹn àyẹ̀wò tí wọ́n fi ń yan akọ ẹṣin tó máa di bàbá, tún ti dé ní Jámánì. Ìlú Verden ni ẹgbẹ́ tó ń bí ìran ẹṣin Hannover ń kó tiwọn lọ, Oldenburg ń lo Vechta, Neumünster ni Holstein àti Trakehner ń pàdé sí. Akọ ẹṣin ọlọ́dún méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń kó wá, gàárì ò tíì dé ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí ìgbìmọ̀ tó sọ èyí tó máa di bàbá àti èyí tí wọ́n máa tẹ̀ lọ́dàá. Warmblood ni wọ́n ń pè wọ́n. Kì í ṣe pé ẹ̀jẹ̀ wọn gbóná ju ti ẹṣin yòókù lọ o. Àárín ẹṣin wúwo tó ń fa ẹrù àti ẹṣin Lárúbáwá ẹlẹ́sẹ̀ fúyẹ́ ni wọ́n wà, ibẹ̀ lorúkọ náà ti wá.

Ohun tó ń yọ mí lẹ́nu nípa ọ̀rọ̀ yìí ò ju ẹyọ kan lọ: eré ni gbogbo ojú máa ń bá lọ, bẹ́ẹ̀ ìrìn ló yẹ ká kọ́kọ́ kà.

Orí ilẹ̀ líle ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, torí iyanrìn máa ń bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Lórí òkúta, etí náà ń ṣiṣẹ́. Pátákò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ dún bákan náà, ẹṣin tó bá ń tiro díẹ̀, etí á gbọ́ ọ kí ojú tó rí i. Lẹ́yìn náà wọ́n á dá a dúró, ẹ̀gbẹ́ kan á kọjú sí adájọ́. Ẹsẹ̀ méjì tó wà lọ́dọ̀ adájọ́ á ya, ti iwájú á lọ síwájú díẹ̀, ti ẹ̀yìn á fà sẹ́yìn. Méjì ti òdìkejì á sún mọ́ra wọn lábẹ́ ikùn, kí adájọ́ lè rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láì kúrò lójú kan. Ọ̀pá ìwọ̀n á dé góńgó èjìká, níbi tí ọrùn ti pàdé ẹ̀yìn. Púpọ̀ nínú wọn ń wà láàárín sẹ̀ǹtímítà 162 sí 172. Wọ́n á fi téèpù yí ojúgun ẹsẹ̀ iwájú ká, nǹkan bíi 21 tàbí 22 ló wọ́pọ̀ lára akọ.

Ẹ má fi ìwọ̀n yẹn búra ṣá. Ọlọ́dún méjì ààbọ̀ ṣì ń dàgbà, ìbàdí rẹ̀ lè fi sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 ga ju èjìká lọ kí èjìká tó lé e bá. Bí ọjọ́ Körung bá bọ́ sí irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹṣin á máa sáré bí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, adájọ́ tí ò mọ bí ìyá àti bàbá rẹ̀ ṣe rí á dá a lẹ́bi ohun tí oṣù díẹ̀ máa wò sàn.

Ẹsẹ̀ ni kò ní wò sàn. Oríkèé ńlá ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, èyí tó rí bí ìgúnpá tó kọ ẹ̀yìn, ni kí o fara balẹ̀ wò láti ẹ̀gbẹ́. Bó bá tẹ̀ jù bíi dòjé, ẹ̀yìn oríkèé náà ló ń gba ìyà. Bó bá nà jù bí òpó, ìyà náà á sọ̀ kalẹ̀ sórí iṣan tó gbé ọrùn ẹsẹ̀ ró. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ọrùn ẹsẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í rì, ẹṣin ò sì ní lè tẹ ẹsẹ̀ yẹn dáadáa nígbà tí wọ́n bá ní kó kó ara jọ. Pátákò iwájú méjì tí ò dọ́gba, tí ọ̀kan ga tí èkejì tẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà rárá: àwọn onímọ̀ ní Netherlands ti rí i pé irú ẹṣin bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ nínú ìdíje fífò gíga. Àgbẹ̀ ayé àtijọ́ mọ èyí láìsí onímọ̀. Láti 1735 tí Ọba George Kejì ti dá ilé akọ ẹṣin sílẹ̀ ní Celle, oko àti ogun ni wọ́n ń bí ẹṣin fún, ẹsẹ̀ burúkú ò sì ro oko.

Ìrìn wá kàn. Ìlù mẹ́rin ni: ẹ̀yìn òsì, iwájú òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún, iwájú ọ̀tún, àlàfo wọn dọ́gba. Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wàá rí i tí ẹsẹ̀ iwájú àti ti ẹ̀yìn apá kan náà ń ya bíi lẹ́tà V fún ìṣẹ́jú àáyá péré, kí ti iwájú tó gbéra. Bí o bá wá V yẹn tì, tí ẹsẹ̀ apá kan ń lọ pọ̀ bíi ti ràkúnmí, ìlù ti dàrú nìyẹn. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tún gbọ́dọ̀ tẹ̀ kọjá ibi tí ti iwájú ti kúrò. Olùkọ́ tó gbọ́n lè mú eré kékeré (trot) tí ò jọ nǹkan kó sọ ọ́ di àwòyanu. Ìrìn tó bàjẹ́ láti inú ìyá wá kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ oògùn, eré ńlá (canter) náà fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n eré kékeré ló ń pa owó wọlé. Ẹni tó mú kòbókò tó so ọ̀rá mọ́ lẹ́nu á jù ú pàràpàrà, ẹ̀rù á ba ẹṣin, ìrù á lọ sókè bí àsíá, ẹ̀yìn á le bíi pákó, ẹsẹ̀ iwájú á máa fò fàà. Àtẹ́wọ́ á ró. Ìbẹ̀rù lèyí. Wo ẹsẹ̀ iwájú kan àti ẹsẹ̀ ẹ̀yìn òdìkejì tí wọ́n jọ gbéra: bí apá òkè ti iwájú àti ojúgun ti ẹ̀yìn bá na ìlà kan náà, òtítọ́ ni. Bí ti iwájú bá nà tantan tí ti ẹ̀yìn ń wọ́ tẹ̀lé e, ọ̀rá yẹn lò ń wò.

Àwọn tí wọ́n bí fún fífò ń wọ ọ̀nà tóóró tí wọ́n fi igi há: igi méjì tó dábùú ara wọn, bíi mítà 7 sí i, ìdènà onígi kan tó dúró ṣánṣán, bíi mítà 7 àtààbọ̀ sí i, ìdènà onígi méjì tó ní ìbú. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n á máa gbé èyí tó kẹ́yìn sókè títí dé nǹkan bíi mítà 1.20 sí 1.30. Bí àlàfo bá kúrú fún ẹsẹ̀ ẹṣin náà, á sún mọ́ igi jù, á fò bí ewúrẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní tẹ̀ kọdọrọ lókè igi. Ẹni tó to igi ló jẹ̀bi. Ẹ̀ẹ̀kejì tó kọjá lẹ́yìn tó ti gbá igi ni mo máa ń dúró dè: ọlọ́gbọ́n á ká orúnkún sókè sí i, á sì ṣí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn.

Ohun tí ojú ò rí wà lọ́wọ́ dókítà ẹran. X-ray ń wá OCD, ìyẹn kérékéré tí ò di egungun bó ṣe yẹ, tí èérún rẹ̀ lè já sínú oríkèé. Wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ yọ èérún náà, fọ́tò á sì mọ́ lóló, ṣùgbọ́n ọmọ tó máa bí ò mọ̀ pé wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ń wò ó pé kóró méjèèjì sọ̀ kalẹ̀, pé eyín òkè ò gun ti ìsàlẹ̀, pé ọ̀fun ò máa fọn bíi fèrè tó bá ń sáré yípo.

Àìsàn àjogúnbá tí wọ́n ń pè ní WFFS náà wà níbẹ̀, tó ń mú kí awọ ọmọ ẹṣin ya bíi bébà tí omi rẹ. Ilé Yorùbá ò nílò àlàyé gígùn: bí AS bá fẹ́ AS ni. Akọ tó gbé ẹyọ kan ò ṣàìsàn rárá, ó lè gba ife ẹ̀yẹ. Bó bá gun abo tó gbé ẹyọ kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni ewu náà lórí oyún kọ̀ọ̀kan. Láti 2013 ni àyẹ̀wò rẹ̀ ti wà, irun gọ̀gọ̀ díẹ̀ pẹ̀lú gbòǹgbò rẹ̀ ti tó. Kò sídìí láti lé akọ bẹ́ẹ̀ dànù. Kí wọ́n kọ ọ́ síta ni, kí oníabo lè ṣírò.

Ọ̀nà KWPN, ẹgbẹ́ tó ń bí irú ẹṣin yìí ní Netherlands, wù mí jù níbi kan. Láti 1989 ni wọ́n ti ń ṣàpèjúwe kí wọ́n tó yìn tàbí bú: lẹ́tà a dé i, láti òpin kan dé òpin kejì, ọrùn gígùn sí kúkúrú, oríkèé títẹ̀ sí nínà. Bí irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ lórí àwọn ọmọ akọ kan, o ti mọ ohun tó ń fún ọmọ, yàtọ̀ sí ohun tóun fúnra rẹ̀ jọ.

Ní Jámánì, ẹni tó bá yege ṣì ń lọ fún ìdánwò ọlọ́jọ́ 14 tó bá pé ọdún 3, níbi tí ẹni tí ò mọ̀ ọ́n rí á ti gùn ún. Kó tó débẹ̀, ọjọ́ ìkẹyìn Körung ń parí nínú agbo ìrìn. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn wọlé, wọ́n á máa rìn yípo. Kòbókò ò sí níbẹ̀, ọ̀rá ò sí, ẹ̀yìn ti rọ̀, ẹni tó bá ní V á fi hàn. Agbóhùnsókè á máa ka nọ́ńbà: gekört, ó yege; nicht gekört, kò yege. Lákòókò yẹn gan-an ni orí ọ̀pọ̀ òǹwòran tẹ̀ sórí ìwé ọjà, wọ́n ń wá nọ́ńbà èyí tí wọ́n fẹ́ dá owó lé.